Aago 5 New York kì í ṣe aago 5 Ìbàdàn

Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sọ pé ọkọ̀ yóò gbéra ní Ìkẹjà ní aago 11 alẹ́, tí yóò sì dé New York ní aago 5 ìdájí ọjọ́ kejì. Ìyá tó wà nílé ní Bódìjà á ṣírò rẹ̀: wákàtí 6. Bí aago 5 bá ti lù, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ. Ìpè ò wọlé. Á tún un pè, àyà á máa já. Bẹ́ẹ̀ bàálù ṣì wà lókè òkun Atlantic, ó ku bíi wákàtí 5 kó tó balẹ̀.

Aago ìlú tí èèyàn ti ń gbéra ni wọ́n fi ń kọ àsìkò ìgbéra; aago ìlú tó ń lọ ni wọ́n fi ń kọ àsìkò tó máa dé. Oòrùn ń kọ́kọ́ yọ lọ́dọ̀ wa kó tó yọ lọ́dọ̀ wọn, aago tiwa ló ṣáájú. Wákàtí 5 la fi ṣáájú New York ní oṣù Keje. Ní oṣù Kìíní, ó di 6, torí pé wọ́n máa ń ti aago tiwọn síwájú ní oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà ní oṣù Kọkànlá. Àwa kì í yí tiwa. Tó bá jẹ́ oṣù Keje ni ọmọ yẹn rìn, 6 àti 5 di wákàtí 11.

Láti Ìkẹjà dé New York tó bíi 8,440 kìlómítà. Bàálù ńlá ń sá bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí 9 ó lé díẹ̀. Níbo ni ìyókù wọlé sí? Díẹ̀ wà nílẹ̀: láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò níbi tó dúró sí ni wọ́n ti ń ka àsìkò, títí tó fi máa dúró pátápátá lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ni ká fọkàn sí jù. Ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sókè, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ní àríwá Atlantic, ó sì lè sá ju 150 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bàálù tó ń lọ ń kọjú sí i. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lójú atẹ́gùn òjò rí mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ ń yí, ọ̀nà ò tán. Bí atẹ́gùn bá gba 50 péré nínú eré bàálù jálẹ̀ ọ̀nà, ìrìn-àjò á fi bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gùn sí i. Nígbà àbọ̀, atẹ́gùn yìí kan náà ló ń tì í lẹ́yìn, àbọ̀ sì sábà máa ń fi bíi wákàtí kan yá ju àlọ lọ.

Bàálù New York kì í gbéra ní Alákìá, pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn. Èrò Ìbàdàn gbọ́dọ̀ dé Ìkẹjà ní aago 8 alẹ́ fún bàálù aago 11, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mowé àti Ìbàfò kò sì mọ ẹni tó ń lọ òkè òkun. Kó kúrò nílé ní aago 3 ọ̀sán.

Bàálù yẹn yóò balẹ̀ ní aago 10 òwúrọ̀ tiwa. Ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò tún wà níwájú. Kí ìyá sùn. Kó pè ní aago 11.