Ṣé Ọpọlọ Wíwú Ló Ń Fa Ọ́tísíìmù?

Ọ̀pọ̀ òbí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọmọ wọn ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń kan bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá ènìyàn ṣe, ni kì í pẹ́ gbọ́ pé ọpọlọ ọmọ náà ló wú, àti pé bí wọ́n bá ti rí oògùn tí yóò mú wíwú náà wálẹ̀, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, yóò sì máa wojú ènìyàn. Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti gbà á gbọ́.

Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà yẹ ọpọlọ àwọn ènìyàn 11 tó ní ọ́tísíìmù wò lẹ́yìn tí wọ́n ti kú. Wọ́n rí i pé microglia, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ, ti ta gìrì ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá nínú ọpọlọ kékeré tó wà níhà ẹ̀yìn orí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irú wíwú tó máa ń wáyé nígbà tí kòkòrò àrùn bá kọlu awọ tó bo ọpọlọ, tí ara á gbóná, tí ọrùn á gan, tí ẹ̀mí á sì wà nínú ewu. Ìyípadà inú sẹ́ẹ̀lì ni, ojú lásán kò sì lè rí i.

Iṣẹ́ microglia kò mọ sórí gbígbógun ti àrùn. Bí ọpọlọ ọmọdé ti ń dàgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń so pọ̀ mọ́ ara wọn ní ojú ibi tó pọ̀ ju èyí tí wọn yóò lò lọ, microglia sì wà lára àwọn tó ń gé èyí tó pọ̀ jù kúrò, bí àgbẹ̀ ṣe ń tu irúgbìn tó bá fún mọ́ra jù. Nítorí náà, bí a bá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ tó yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé ìsopọ̀ inú ọpọlọ náà ló ti yàtọ̀ ṣáájú, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn.

Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2011 ló tan ìmọ́lẹ̀ jù lọ sí èyí, lójú tèmi. Àwọn olùwádìí náà rí ọ̀wọ́ apilẹ̀ àbùdá (ìyẹn jíìnì, àwọn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí a ń jogún) méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ nínú ọpọlọ àwọn tó ní ọ́tísíìmù: èyí tó jẹ mọ́ ìsopọ̀ sẹ́ẹ̀lì lọ sílẹ̀, èyí tó jẹ mọ́ bí ara ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀ sì lọ sókè. Nígbà tí wọ́n wá wo ibi tí àwọn ìyàtọ̀ àjogúnbá tó so mọ́ ọ́tísíìmù pọ̀ sí, inú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti rí i, wọn kò rí i nínú èkejì. Èyí fi hàn pé títa gìrì àwọn ẹ̀ṣọ́ ọpọlọ lè jẹ́ àbájáde, tàbí kí ó ti inú ohun mìíràn wá, kì í ṣe gbòǹgbò tí a jogún.

Àwọn tó fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn alààyè kò fẹnu kò pẹ̀lú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 rí àmì pé microglia ń ṣiṣẹ́ jù nínú ọpọlọ àwọn ọkùnrin tó ní ọ́tísíìmù. Òmíràn tó jáde ní 2021 rí i pé irú àmì bẹ́ẹ̀ kéré nínú ọpọlọ àwọn tó ní ọ́tísíìmù ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn sì fún àwọn ọmọ mélòó kan tó ní ọ́tísíìmù ní minocycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn tí a mọ̀ pé ó lè mú microglia rọlẹ̀, fún oṣù 6, kò sí ìtẹ̀síwájú tó ṣe gúnmọ́ nínú ìwà àti ọ̀rọ̀ sísọ wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fún ọmọ yín ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ láìsí ìdí mìíràn tí dókítà rí.

Àìsàn kan wà tí ọ̀rọ̀ ọpọlọ wíwú ti jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, èyí tí ara fúnra rẹ̀ máa ń kọlu ọpọlọ. Bí ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa bá ṣàdédé pàdánù ọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí gìrì ń mú un, tí kò rí oorun sùn, tàbí tí ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ẹnu rẹ̀ ń ṣe ségesège fúnra wọn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí pé àyẹ̀wò omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn lè fi àìsàn yìí hàn, ó sì ní oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́.