Pẹ́dà MIDI fún lúùpù: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun téèyàn máa wò kó tó rà á

Pẹ́dà MIDI, ìyẹn bọ́tìnnì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti fi darí lúùpù (ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó ń tún ara ẹ̀ ṣe léraléra), ò ní ohùn kankan nínú o. MIDI ni èdè tí ohun èlò orin àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Èèyàn á rí i nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ onígìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Álágbàká, ìlù á máa gorí ìlù, á wá rò pé inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ló rí, iṣẹ́ tó ń jẹ́ ò ju "bẹ̀rẹ̀", "dúró", "pa èyí tó gbẹ̀yìn rẹ́" lọ. Áàpù tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń dá a padà léraléra ni ọ̀gá, ìbáà jẹ́ Ableton Live lórí lápútọ́ọ̀pù àbí Loopy Pro lórí iPad, torí náà áàpù lèèyàn á kọ́kọ́ mú.

Ká ní ẹnì kan fẹ́ dá nìkan ṣeré níbi ìnáwó l'Ákùúrẹ́. Ó lu agogo, ó gbà á sílẹ̀, ó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé e, ó wá ta gìtá sí i kó tó gbé orin. Ọwọ́ ẹ̀ ò dilẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù. Tó bá tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà ni pẹ́dà ń fi ránṣẹ́, bí MIDI ṣe ń ṣe é látọdún 1983 nìyẹn, láti 0 dé 127. Ẹsẹ̀ balẹ̀, 127 lọ. Ẹsẹ̀ gbéra, 0 tẹ̀lé e. Èyí tó ń ṣe báyìí ni wọ́n ń pè ní momentary. Latching ní tiẹ̀, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń fi 127 ránṣẹ́, ó di ìtẹ̀ kejì kí 0 tó lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ áàpù, 127 nìkan ni wọ́n kà sí ìtẹ̀, tí pẹ́dà bá wá jẹ́ latching, ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, 0 ló máa lọ, áàpù á dákẹ́, kéèyàn tó tún un tẹ̀ agogo ti kọjá ibi tó yẹ kó parí. Èyí tó ṣeé yí sí méjèèjì ni kẹ́ẹ wá.

Ibi tí lúùpù ti ń bàjẹ́ jù gan-an ni ti àkókò. Àwọn pẹ́dà kan máa ń polówó pé bọ́tìnnì kan lè ṣe iṣẹ́ méjì, tẹ̀ ẹ́ lásán fún èyí, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìyẹn. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ pẹ́dà ò lè mọ èwo lẹ fẹ́ àfi tó bá dúró wò bóyá ẹsẹ̀ á gbéra, ìgbà tó bá gbéra ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ránṣẹ́. Tí orin bá wà ní 120 BPM (iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan), ìlù kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 500, ẹsẹ̀ tó bá pẹ́ lórí bọ́tìnnì fún 150 ti pẹ́ ju ohun tí etí lè gbójú fò. Áàpù lè bá èèyàn tún un tò sórí ìlù o, ṣùgbọ́n lúùpù àkọ́kọ́ lòun náà fi ń mọ bí orin ṣe ń sáré, kò tíì sóhun tó máa fi wọ̀n ọ́n nígbà yẹn. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ má fi iṣẹ́ kejì há a lọ́rùn.

Ti iye bọ́tìnnì, mẹ́rin sí mẹ́fà tó ọ̀pọ̀ èèyàn. Behringer FCB1010 tí wọ́n sábà máa ń tà ní tòkunbọ̀ ní 10, pẹ̀lú pẹ́dà méjì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó le bí òkúta, àmọ́ ó gba ààyè lórí ìtàgé, kò sì ní USB, wáyà MIDI ẹlẹ́nu márùn-ún ló ń lò, owó ohun tó máa so ó mọ́ lápútọ́ọ̀pù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi bàtà tẹ́ẹ máa wọ̀ jáde gan-an dán an wò, bọ́tìnnì tó sún mọ́ra jù, bàtà ẹlẹ́nu gbọọrọ á tẹ méjì pọ̀. Agbádá ńkọ́? Ó máa ń bo iná ara pẹ́dà pátápátá. Iná yẹn náà, ẹ béèrè bóyá áàpù ló ń tàn án, torí tó bá jẹ́ pẹ́dà fúnra ẹ̀ ló ń tàn án, ó lè pupa kó máa sọ pé a ń gbà á sílẹ̀, kó má sí nǹkan kan tó ń wọlé.

Tí NEPA bá mú iná lọ tó jẹ́ ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ni pẹ́dà wà, lápútọ́ọ̀pù ní bátìrì tiẹ̀, lúùpù á máa yí lọ, kò sì ní sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ dá a dúró. Èyí tó ń gba iná látinú USB lápútọ́ọ̀pù ò níṣòro yẹn, kìkì pé wáyà USB ò gbọ́dọ̀ ju mítà 5 lọ, nígbà tí ẹlẹ́nu márùn-ún lè dé 15. Ní gbọ̀ngàn ńlá bíi The Dome l'Ákùúrẹ́, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Bluetooth ń pẹ́ díẹ̀, pípẹ́ ẹ̀ kì í sì dọ́gba, ẹ fi yí orin sókè sódò, ẹ má fi gba lúùpù.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù dání lọ, kẹ́ẹ ṣí áàpù MIDI monitor ọ̀fẹ́, èyí tó ń fi nọ́ńbà tí pẹ́dà ń fi ránṣẹ́ hàn, sórí ẹ̀, kẹ́ẹ tẹ bọ́tìnnì níkọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́ àti pẹ̀lú agbára. Ìtẹ̀ kan, 127 kan. Èyí tó bá ń fi 127 méjì hàn, swíìṣì inú ẹ̀ ti ń kú lọ nìyẹn, wọ́n lè bá yín pàrọ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, àmọ́ kí owó ẹ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀ ná.