Kí Ìṣẹ́po Aṣọ Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Jọ Ti Gidi

Àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ ní Àjàṣẹ́, àti àwọn tó ń ṣe fíìmù àwòrán, sábà máa ń bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń ya ìhunjọ aṣọ tó fi jọ ti gidi?" Èmi kì í yà á. Aṣọ kì í déédéé hunjọ: ohun kan ló ń fà á, tàbí ohun kan ló gbé e dúró, tàbí ohun kan ló ń tì í jọ. Ẹni tó bá mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ìyókù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa fi ìlà kún ìlà, aṣọ náà kò sì ní jọ aṣọ.

Bí ẹ bá tún lọ sóde ìgbéyàwó, ẹ tẹjú mọ́ agbádá. Tí baba bá ti ká apá rẹ̀ lé èjìká, ibi méjì ni aṣọ fara kọ́, èjìká ọ̀tún àti ti òsì. Níwájú àyà, láàárín méjèèjì, á sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì òbíríkítí, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, wọ́n á sì máa fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó jẹ́ pé èjìká kan ṣoṣo ló gbé e dúró, ìṣẹ́ rẹ̀ á gùn gbọọrọ, á sì máa là bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀. Ní ìgbọ̀nwọ́ bùbá tó wà lábẹ́ ńkọ́? Apá tó tẹ̀ ló ti aṣọ jọ níbẹ̀, ìhunjọ rẹ̀ kúkurú, ó sì ń forí gbárí. Oríṣi mẹ́ta rèé lára ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gbé ti ìgbọ̀nwọ́ lọ sí àyà, ojú ẹni tó ń wò ó á kọ̀ ọ́, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ̀yìn agbádá lókè, ní tirẹ̀, sábà máa ń tẹ́. Ẹ jẹ́ kó tẹ́. Ibi tó tẹ́ ló ń jẹ́ kí ibi tó ṣẹ́ hàn.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò mọ aṣọ. Ohun tó ń rí dà bí àwọ̀n tí àwọn apẹja ń dà sínú ọ̀sà wa: kókó ni, tí okùn so mọ́ra wọn, àyàfi pé okùn wọ̀nyí lè nà díẹ̀ kí wọ́n sì sún padà. Ibi tí kókó bá wà nìkan ni ó ti lè tẹ̀. Nínú Marvelous Designer, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé aṣọ tí a sì fi ń rán an, mìlímítà 20 ni àlàfo tó wà láàárín kókó nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i. Ìhunjọ tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ kò lè yọjú nínú àwọ̀n bẹ́ẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè tún un tò. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí aṣọ balẹ̀ sára ní 20, nítorí ó yá, kí ẹ tó wá dín in kù sí 5. Púpọ̀ nínú ìyára tí à ń gbádùn lónìí wá láti inú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, David Baraff àti Andrew Witkin, gbé jáde ní 1998, tó jẹ́ kí ìṣírò lè gbé ẹsẹ̀ gígùn láìjẹ́ pé aṣọ fọ́nká.

Àwọn tó ń lo Blender, ètò àwòrán kọ̀ǹpútà mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ fiyè sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ènìyàn yín. Ó gbọ́dọ̀ ga tó ènìyàn, bíi mítà 1.7. Bó bá ga tó mítà 17, aṣọ rẹ̀ á máa rọra bọ̀ wálẹ̀ bíi pé ó wúwo, kò sì ní jọ aṣọ ènìyàn mọ́. Èkejì ni àlàfo tó wà láàárín ìpele aṣọ kan sí èkejì. Mítà 0.015 ni Blender ń fún un, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Apá agbádá tí a ká ní ìlọ́po mẹ́rin lórí èjìká á wú bàm̀bà. Ẹ dín in kù sí bíi 0.003, kí ẹ sì fi kókó kún àwọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ á máa gba ara rẹ̀ kọjá.

Líle aṣọ ló kù. Sílíìkì ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, ó sì pọ̀. Gínì tí wọ́n fi sítáàṣì sí ń ṣẹ́ díẹ̀, ó tóbi, igun rẹ̀ sì mú. Blender ní sílíìkì, òwú, jíǹsì, awọ àti rọ́bà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní òfì. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi jíǹsì. Ẹ rántí pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun òfì, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ojú ìránpọ̀ yẹn le ju ìyókù lọ, nítorí náà aṣọ máa ń fẹ́ ṣẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fífi àwòrán òfì lẹ aṣọ pẹrẹsẹ kò tó. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì rán an.

Ìṣẹ́po tí aránṣọ ṣe yàtọ̀ sí gbogbo èyí, nítorí áyọ́ọ̀nù àti abẹ́rẹ́ ló dá a. Ẹ wo síkẹ́ẹ̀tì kakí àwọn ọmọ iléèwé. Ìṣẹ́po tó tẹ̀ léra pẹ́kípẹ́kí ń jẹ aṣọ ní ìlọ́po mẹ́ta: apá tí à ń rí, apá tó yí sábẹ́, àti apá tó tún padà. Bí ìbàdí bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70, tí ojú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 5, ìṣẹ́po 14 nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ 15, torí náà 210 lẹ máa gé. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ń gé 100, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ gbẹ́ ìṣẹ́po tí kò sí aṣọ fún. Èyí tí wọ́n kàn fún jọ lásán kò tó bẹ́ẹ̀, ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ti tó o.

Lẹ́yìn náà, nínú Marvelous Designer, ẹ fa ìlà síbi tí aṣọ á ti ṣẹ́, kí ẹ sì fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní igun. 180 ni aṣọ tó tẹ́. Ìlà kan á gba 0, èyí tó kàn á gba 360, bẹ́ẹ̀ títí dópin, kí ẹ tó rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìbàdí. Bí etí ìṣẹ́po bá ń là, agbára ìlà yẹn nìkan ni kí ẹ fi kún. Bí ẹ bá sọ gbogbo aṣọ di líle, síkẹ́ẹ̀tì á gan, kò ní mì nígbà tí ọmọ bá ń rìn.

Fún ẹ̀kú eégún tó ń yí, ẹ ṣe ọ̀já aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìpele méjì, kí òkè rẹ̀ nìkan jẹ́ rírán. Ẹ fi ìgbésẹ̀ ìṣírò kún un, torí eré ibẹ̀ pọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì aṣọ, tí a fi ń fọwọ́ gbẹ́ ìhunjọ, tó wọ Blender 2.83 ní 2020 dára, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ohun tí ẹ máa mú kẹ́yìn, fún ibi kéékèèké tí ìṣírò kò ṣe dáadáa.