Self psychology nínú ìtọ́jú tọkọtaya àti ẹbí

Self psychology jẹ́ ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn tí Heinz Kohut dá sílẹ̀ ní Chicago, àwọn tó tẹ̀lé e ló wá mú un wọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti ẹbí. Vienna ni wọ́n ti bí Kohut ní 1913, ìjọba Násì ló lé e kúrò nílé, ó dé Amẹ́ríkà ní 1940, ó kú ní 1981.

Ohun tí ẹni inú ń fẹ́

Kohut ní ẹni inú èèyàn, ìyẹn ẹni tá a mọ ara wa sí, ò lè dá dúró, ó ń fẹ́ kí ẹlòmíì rí òun kó sì mọyì òun, kóun rí ẹni tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fẹ̀yìn tì, kóun tún rí ẹni tó jọ òun. Ẹni tó ń ṣèyí fún wa ló pè ní selfobject. Ẹni tó bá dàgbà sí Èkìtì á tètè lóye ti àkọ́kọ́: tọ́mọ bá kúnlẹ̀ kí ìyá ẹ̀ láàárọ̀, tí ìyá wá ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, tó ń kì í lọ, orí ọmọ á wú. Oríkì jùyẹn lọ o, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọmọ yẹn sún mọ́ ohun tí Kohut ń sọ gan-an. Kohut ò sì gbà pé àgbà máa ń bọ́ lọ́wọ́ àìní yìí.

Ìjà àti àtúnṣe

Ká ní ìyàwó kan l'Ádó-Èkìtì gúnyán de ọkọ, ọkọ ti ibi iṣẹ́ dé, ó jẹun tán lórí fóònù láìwojú ẹ̀, ìyàwó wá ń fìbínú kó abọ́, ọkọ náà bá pariwo. Lójú ìlànà yìí iyán kọ́ ni wọ́n ń jà lé: ìyàwó ń retí kí wọ́n rí òun, ọkọ tí wọ́n ti wọ́ nílẹ̀ níbi iṣẹ́ ń wá ibi tó máa sinmi sí. Ní 1972 Kohut kọ̀wé lórí irú ìbínú tó ń ti inú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde, tó ń fẹ́ gbẹ̀san dandan.

Níbi ìjókòó ẹbí, olórí ẹbí á gbọ́ tẹnu méjèèjì, á sọ ẹni tó jẹ̀bi. Oníṣẹ́ ìtọ́jú yìí ò wá ẹlẹ́bi, ó ń fara ẹ̀ sípò ẹnì kọ̀ọ̀kan, á bi wọ́n pé ibo gan-an ló ti dùn wọ́n. Tóun náà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, á gbà á. Wọ́n gbà pé ìjákulẹ̀ kékeré tí wọ́n bá tún ṣe dáadáa ló ń fún ẹni inú lágbára díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ẹbí, wọ́n máa ń wo òbí tó fọmọ ṣe dígí ara ẹ̀. L'Ékìtì tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, èsì WAEC ọmọ lè di iyì òbí.

Ìwọ̀n ìlànà yìí

Tí ìluni bá wà nínú ilé, ààbò ẹni tí wọ́n ń lù ló ṣáájú, ọgbẹ́ inú ẹni tó ń luni ò dín ẹ̀bi ẹ̀ kù. Èkìtì ti ṣòfin lòdì sí irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019.