Ta ló ní ọpọlọ ọmọbìnrin ò gba físíìsì?

Láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbí, tí ọmọbìnrin bá ti fẹ́ wọ SS1, ọ̀rọ̀ kan náà ni màá gbọ́: "Ọpọlọ obìnrin ò gba sáyẹ́ǹsì, àwọn òyìnbó ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò." Ó ń bí mi nínú, torí ìyẹn kọ́ ni ohun tí àwọn òyìnbó náà rí.

Pé ìyàtọ̀ wà, mi ò jiyàn. Ní ìpíndọ́gba, ọpọlọ ọkùnrin fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 tóbi ju ti obìnrin lọ. Ara wọn náà ló tóbi jù.

Ìwádìí tí wọ́n ń gbé kiri jáde ní ìparí 2013 láti Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 949 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n ní ìsopọ̀ inú ìdajì ọpọlọ kan náà ló lágbára jù lára ọkùnrin, ìsopọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì sì ni ti obìnrin. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ibí yìí ni kí ẹ dúró sí. Ọmọ ọdún 8 sí 22 ni. Kò sí ọmọ ọwọ́ níbẹ̀, kò sí ìyá àgbà. Àwọn ọmọ ọdún 8 tí wọ́n yẹ̀ wò kọ́ ló dàgbà di ẹni ọdún 22 tó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sì rí i pé ìyàtọ̀ náà kéré lára àwọn ọmọdé, ìgbà ọ̀dọ́langba ló tó hàn dáadáa.

Báwo wá ni wọ́n ṣe fi èyí mọ̀ pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn? Kí ọmọbìnrin tó pé ọdún 14, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rán an sí ìdáná, tí wọ́n ń rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ ohun tí a bá ń fi ọpọlọ ṣe máa ń yí i padà. Hómóònù ìbàlágà náà ti wọ̀ ọ́. Àwòrán ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè sọ èwo ló fa èwo. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tilẹ̀ rí àwọn okùn ọpọlọ gan-an: bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ ló ń wọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fojú bu ọ̀nà tí okùn gbà.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Tel Aviv, ní Ísírẹ́lì, wo ọpọlọ tó lé ní 1,400. Àwọn tí gbogbo ẹ̀yà ọpọlọ wọn jẹ́ ti "akọ" tàbí ti "abo" nìkan kò tó nǹkan. Àdàlù ló pọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ kan ti wà láti inú oyún. Ó sì yẹ kí àwọn dókítà, irú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àró, wádìí rẹ̀, torí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ọmọ tó jókòó níwájú yín. Ẹ̀yin òbí, tí tíṣà bá ní kí ọmọbìnrin yín kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì nítorí ọpọlọ, ẹ ní kó gbé máàkì ìṣirò rẹ̀ wá.