Òtútù kọ́ ló ń pe akọ àgbọ̀nrín jáde

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, láti Colorado dé Wyoming, Utah, Idaho àti Montana, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu ọdẹ tí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé: òtútù ò tíì mú, àwọn akọ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gun abo. Mule deer ni ẹran tí wọ́n ń sọ, àgbọ̀nrín elétí gbọọrọ bíi ti ìbaaka, tó ń gbé orí òkè nígbà ooru, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà òtútù. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Lọ́dún tí òtútù bá tètè dé, akọ ńlá máa ń pọ̀ lójú. Lọ́dún tí oòrùn bá ń ràn ṣáá, ọdẹ á rìn títí, abo àti ọmọ nìkan ni yóò rí. Síbẹ̀, òtútù kọ́ ló ń ru akọ sókè. Nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì pa wọ́n pọ̀ lè jókòó máa retí ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ni aago àgbọ̀nrín. Bí ìgbà ooru ṣe ń lọ sópin, ilẹ̀ ń tètè ṣú, òru sì ń gùn sí i. Ojú ẹran náà ló ń gba ìròyìn yìí wọlé, tí ọpọlọ rẹ̀ á sì máa tú melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara bí òru ṣe gùn tó, sínú ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí tó ń pọ̀ sí i lálaalẹ́. Láti ibẹ̀ ni testosterone, èròjà ara tó ń ru akọ sókè, ti ń gòkè. Awọ onírun tó bo ìwo á gbẹ, á sì bọ́. Ọrùn á wú. Àwọn akọ tó ti ń jẹun pọ̀ láìjà látìgbà ooru á wá máa kanra mọ́ ara wọn. Abo náà ń tẹ̀lé aago yìí kan náà. Òru oṣù Kọkànlá ọdún yìí kò gùn ju ti èṣí lọ, ìdí nìyẹn tí àsìkò gígun abo kì í fi í yẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lórí àwọn òkè Rocky, ìdajì kejì oṣù Kọkànlá ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn abo máa ń gba akọ, ì báà jẹ́ yìnyín ló bo ilẹ̀, ì báà jẹ́ eruku ló ń sọ lálá.

Ohun tó so gígùn mọ́ àsìkò yẹn ni ìbímọ. Oyún abo ń lò tó nǹkan bí 200 ọjọ́. Kí a kà á láti ìparí oṣù Kọkànlá, inú oṣù Kẹfà ni yóò bọ́ sí, nígbà tí yìnyín ti yọ́, tí ewé tútù ti yọ, tí ìyá sì lè rí ohun tí yóò di wàrà jẹ. Ọmọ tí wọ́n bá bí pẹ́ jù, òtútù á ká a mọ́ kékeré. Bó bá jẹ́ òtútù ló ń fa gígùn ni, kí la fẹ́ sọ nípa aṣálẹ̀ Arizona àti ti Sonora ní Mexico? Mule deer wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìparí oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní ni tiwọn, nítorí pé láti oṣù Keje ni òjò ńlá ti ń rọ̀ ní aṣálẹ̀ yẹn, ìgbà tí òjò bá sì ti mú ewéko hù ni ọmọ wọn ń wáyé. Oríṣi ẹran kan náà ni, àmọ́ oṣù wọn yàtọ̀, oúnjẹ ọmọ ló sì fà á.

Abo kan kì í gba akọ ju bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ. Bí akọ kò bá gùn ún láàárín ìgbà yẹn, ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó tún wá akọ. Akọ kò wá lè sinmi. Kì í da agbo abo jọ bíi ti elk, ìbátan àgbọ̀nrín tó tóbi jù ú lọ. Abo kan ló ń tọ̀ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, á máa gbóòórùn ìtọ̀ rẹ̀, á gbé imú sókè, á ká ètè òkè, gẹ́lẹ́ bí òbúkọ ṣe ń ṣe lẹ́yìnkùlé. Tí òórùn náà bá sọ fún un pé àkókò kò tíì tó, ó kọjá sínú agbo mìíràn nìyẹn. Àwọn akọ kéékèèké ló ń kọ́kọ́ sáré kiri, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Akọ àgbà ń fi agbára pamọ́, ó lè wà nínú igbó dúdú títí abo yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Nítorí náà, agbo abo tí akọ kékeré nìkan ń yí ká láàárọ̀ kì í ṣe agbo tó yẹ kí ọdẹ fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn abo yẹn náà ni àgbà ń bọ̀.

Níbo wá ni ojú ọjọ́ ti kàn án? Wákàtí ni ohun àkọ́kọ́. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ń de iná mọ́rí wọgbó lóru, ṣùgbọ́n òfin kò gba irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní Colorado àti Wyoming, láti ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni wọ́n fàyè gba ọdẹ láti yìnbọn sí àgbọ̀nrín. Ohunkóhun tí akọ bá ń ṣe lẹ́yìn èyí, kò sí tọdẹ níbẹ̀. Tí oṣù Kọkànlá bá sì fi máa dé, ẹran náà ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀: irun nínípọn tó ní ihò nínú, tí irun múlọ́múlọ́ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀sán bá móoru, akọ tó ń fi ẹ̀wù yìí lé abo kiri yóò jóná nínú rẹ̀. Á lọ dùbúlẹ̀ síbòòji, á fi gbogbo eré rẹ̀ sí òru. Gígùn ń lọ lọ́wọ́, oyún ń dúró, ọmọ á sì wáyé nínú oṣù Kẹfà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ọdẹ á délé wí pé akọ kò gùn lọ́dún yìí. Bí òtútù bá mú, eré kan náà yìí ló máa ń di eré ojúmọmọ.

Ohun kejì ni ibi tí ẹran wà, iṣẹ́ yìnyín sì ni. Tí yìnyín bá ti jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ìrìn á nira fún mule deer, oúnjẹ á sì bò mọ́lẹ̀. Wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí igbó kúkúrú bíi sagebrush àti bitterbrush ti yọrí sókè yìnyín. Àwọn mìíràn ń rin ìrìn tó jìnnà gan-an. Lọ́dún 2014, onímọ̀ ẹranko Hall Sawyer kéde ọ̀nà kan tí wọ́n ń tọ̀ ní Wyoming, láti Red Desert dé Hoback, ó tó nǹkan bíi máìlì 150. Abo ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lásìkò gígùn, ibi tí abo bá wà ni akọ wà. Lọ́dún tí yìnyín bá wálẹ̀ dáadáa, abo á péjọ sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀, akọ tó ti fara pamọ́ sórí òkè látọdún yóò sì tọ̀ wọ́n wá sí gbangba. Lọ́dún tí ilẹ̀ bá gbẹ, abo á fọ́n ká òkè, ọdẹ tó bá wà nísàlẹ̀ ń ṣọ́ ilẹ̀ òfìfo ni.

Bí ìjì ṣe ń jà lọ́wọ́, tí yìnyín ń dà sílẹ̀ gbùrùgbùrù, àgbọ̀nrín máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi tàbí sí ẹ̀yìn òkè tí atẹ́gùn kò dé. Ọdẹ tó bá ń rìn nínú rẹ̀ ń da ara rẹ̀ láàmú lásán. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ lẹ́yìn ìjì ló yẹ kéèyàn tètè jí fún. Ebi ti pa wọ́n, wọ́n á sì jáde sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń tètè yọ́ yìnyín, tàbí sórí ṣóńṣó tí atẹ́gùn ti gbá mọ́. Ara wọn tó ṣókùnkùn á hàn kedere lórí funfun yẹn láti òkèèrè. Ní ti òṣùpá, tí ọ̀pọ̀ ọdẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kò sí ìdí tó lágbára láti torí ẹ̀ yí ọjọ́ ọdẹ padà.

Atẹ́gùn orí òkè tún ní ìṣe tirẹ̀. Lóru títí di kùtùkùtù, atẹ́gùn tútù ń sọ̀ lọ sí àfonífojì. Tí oòrùn bá ti mú ẹ̀gbẹ́ òkè gbóná, ó ń gòkè. Ọdẹ tó bá wà lókè ẹran láfẹ̀mọ́júmọ́, òórùn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti ràn dáadáa, òkè yẹn gan-an ló dára láti gbà wá. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bá bo oòrùn, atẹ́gùn náà kò ní ibi kan tó ń kọjú sí, kò sì yẹ kéèyàn fọkàn tán an. Òótọ́ ni pé akọ tó ń tọ abo lẹ́yìn kì í fura tó bó ṣe yẹ. Àwọn abo tó yí i ká ń fura fún un. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá gbóòórùn èèyàn tó sì fò sókè, gbogbo agbo á sá, akọ náà á sì sá tẹ̀lé wọn.

Èyí ló fà á tí ìjọba fi ń di àsìkò yìí mú ṣinṣin. Ẹran tó ṣòro láti rí ní oṣù Kẹsàn-án ló dúró sí gbangba yìí, bí wọ́n bá sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ọdẹ, akọ àgbà yóò tán. Láti 1999 ni Colorado ti fi iye sí gbogbo ìwé àṣẹ ọdẹ àgbọ̀nrín, tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké láti mú orúkọ àwọn tí yóò rí i gbà. Ìwé àṣẹ fún ìkẹrin nínú àwọn àsìkò tí wọ́n ń fi ìbọn ṣọdẹ, tó ń bọ́ sínú oṣù Kọkànlá, wà lára èyí tó ṣòro jù láti rí gbà. Àwọn kan ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àmì tó ń mú kí orúkọ ẹni tètè jáde jọ, fún agbègbè tó dára. Ìkálọ́wọ́kò yìí tọ́, nítorí pé akọ tó la gígùn já ti rù kanlẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, ìgbà òtútù gan-an sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ìgbà òtútù 2022 sí 2023 le gan-an ní ìwọ̀-oòrùn Wyoming, ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbọ̀nrín, pàápàá àwọn ọmọ ọdún náà, ìjọba sì dín ọdẹ kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ààbò náà kò parí nígbà tí ìbọn bá dákẹ́. Láti oṣù Kìíní lọ ni ìwo akọ ti ń já sílẹ̀, tí àwọn èèyàn sì fẹ́ máa wọ igbó lọ ṣà á. Bí ẹran tó ti rù bá ń sá fún wọn nínú yìnyín lójoojúmọ́, ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù lára rẹ̀ ló ń jó. Ní Colorado, lórí ilẹ̀ ìjọba tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà márosẹ̀ I-25, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣa ìwo láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹrin.