Ibi tí òpin dátà fara pamọ́ sí

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi mí jù lọ ní Àkúrẹ́ níbí ni pé ìgbà wo ni dátà tí kì í tán máa dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tí èèyàn á sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí kò sì ní máa yẹ iye tó ṣẹ́kù wò mọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fa íntánẹ́ẹ̀tì sí ilé, ṣọ́ọ̀bù àti họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo sì mọ bó ṣe ń dun èèyàn tó bí dátà bá tán lójijì. Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn ni pé gbogbo dátà orí fóònù ló ní òpin, títí kan èyí tí wọ́n kọ unlimited (aláìlópin) sí lára. Ibi tí ilé-iṣẹ́ fi òpin náà sí ló yàtọ̀ síra. Ó lè jẹ́ iye GB, ó lè jẹ́ iye ọjọ́, ó sì lè jẹ́ bí ó ṣe máa yára tó. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ kọ́kọ́ wá ibẹ̀ rí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òpó gan-an ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń rí ní Ìjàpọ̀ tàbí lójú ọ̀nà Ọ̀dà kò kó GB kankan pa mọ́ sínú. Ohun tó níwọ̀n lára rẹ̀ ni iye tó lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì 4G tó fẹ̀ tó 20 MHz, tí wọ́n fi eriali méjì gbé jáde tí fóònù sì fi méjì gbà á, lè gbé nǹkan bí 150 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) bí gbogbo nǹkan bá pé, bẹ́ẹ̀ gbogbo fóònù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òpó yẹn ló máa pín in. Ẹ jẹ́ ká ní ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá South Gate FUTA ṣí fídíò lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. 1.5 Mbps ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lórí ìwé o. Lójú ayé kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí ògiri ń dín ìgbì kù, jíjìnnà sí òpó náà ń dín in kù, àwọn ará Ìdànrè sì mọ ohun tí òkè máa ń fi í ṣe. Tó bá di aago mẹ́ta òru, òpó kan náà á wà níbẹ̀, dísẹ̀lì rẹ̀ ń jó, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí dátà òru kì í fi í wọ́n: ohun tí ìbá ṣòfò ni wọ́n ń tà fún yín.

Ẹ wá bá mi ṣírò unlimited. 1 Mbps péré, bí ẹnì kan bá ń lò ó láìdúró, máa gbé 450 MB ní wákàtí kan. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 324 GB. Bó bá jẹ́ 5 Mbps, ó di 1,620 GB. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣèlérí ìyẹn fún gbogbo àdúgbò lórí òpó kan kó sì mú un ṣẹ. Ohun tí wọ́n gbọ́kàn lé ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní lò ju ìdá kékeré nínú rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn díẹ̀ bá wá ń fi dáńlóòdù fíìmù tọ̀sán-tòru, àwọn tó kù lórí òpó náà ló máa jìyà rẹ̀, pàápàá ẹni tó kàn fẹ́ fi owó ránṣẹ́ tàbí tó fẹ́ pe dókítà.

Amẹ́ríkà ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá. Nígbà tí iPhone jáde ní 2007, dátà tí kò níye ni ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì AT&T tà pẹ̀lú rẹ̀. Ní Okúdù 2010, wọ́n dẹ́kun títà á fún oníbàárà tuntun, wọ́n sì pín dátà sí ìpele: $15 fún 200 MB, $25 fún 2 GB. Àwọn tó ti wà lórí unlimited tẹ́lẹ̀ rò pé àwọn bọ́. Ní 2014, àjọ FTC, tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ó ní ó ń mú kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn falẹ̀ láìla ọ̀rọ̀ náà yé wọn dáadáa, fún ẹlòmíràn lẹ́yìn 2 GB péré lóṣù. Ní 2019, wọ́n fi $60 mílíọ̀nù parí ẹjọ́ náà. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé kò sí aburú nínú pé wọ́n fi òpin sí i. Àìsọ ibi tí òpin náà wà ló burú. Nígbà tí ìdíje sì le, Verizon, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn níbẹ̀ tó ti dẹ́kun títa unlimited ní 2011, tún mú un padà ní Fẹ́búárì 2017. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé unlimited ti kú, tàbí pé òun ló máa borí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọjà bá ṣe rí.

Ètò tí mo rò pé ó mọ́gbọ́n wá jù ni ti Finland. Níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Elisa kì í ka GB sí ọ lọ́rùn. Bí ó ṣe máa yára tó lo máa sanwó fún. Ẹni tó fẹ́ kó yára gan-an á san púpọ̀, ẹni tí WhatsApp àti ìròyìn tó fún á san díẹ̀, kò sì sí ẹni tí dátà rẹ̀ máa tán láàárín oṣù. Ìgbì tí wọ́n ń pín lórí òpó gan-an ni wọ́n ń díye lé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn. Ní Íńdíà, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Jio bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2016 pẹ̀lú dátà ọ̀fẹ́; nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbowó, ìwọ̀n ojoojúmọ́ ni wọ́n fi sí i.

Tiwa ńkọ́? Mo gbà pé ìpele GB ò tíì ń lọ kúrò lórí fóònù ní Nàìjíríà. Ìgbì tó wà fún pínpín ò pọ̀, dísẹ̀lì wọ́n, wáyà fáíbà sì ń gé ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń la ọ̀nà. Ní Oṣù Kìíní 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ibi tí dátà tí kò níye máa gbà wọlé ni ilé àti ọ́fíìsì, nípasẹ̀ fáíbà, ráútà 5G àti Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tó ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí láti 2023. Ṣùgbọ́n mo rántí 2003, nígbà tí Glo dé tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, dípò ìṣẹ́jú odindi tí à ń san tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó kù fi tẹ̀ lé e. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gbójú gbóyà láti máa ta ìyára fún wa dípò GB, mo gbàgbọ́ pé ohun kan náà á tún ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nínú ètò ìpele wa ni pé tálákà ló ń ra GB tó wọ́n jù. Ká ní 1 GB ọjọ́ kan jẹ́ ₦500, tí 20 GB oṣù kan sì jẹ́ ₦7,500. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ra GB kọ̀ọ̀kan ní ₦375. Ìyá tó ń fi fídíò aṣọ ránṣẹ́ láti Ọjà Ọba, tí kò lè kó ₦7,500 jọ lẹ́ẹ̀kan, ń san ₦500. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, èyí tó ṣẹ́kù lè ti bá a lọ. Kò tọ́. Mo ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti dá owó jọ, kí mẹ́rin wọn ra ti oṣù sórí ráútà kan, kí wọ́n sì pa ìmúdójúìwọ̀n fúnra-ẹni (auto-update) lórí fóònù wọn, torí òun ló ń jẹ dátà yín bí ẹ bá ń sùn. Fídíò náà ńkọ́? Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé fídíò tó mọ́ kedere lè jẹ 3 GB ní wákàtí kan, ìpele àárín sì ń jẹ 0.7 GB. Lójú fóònù kékeré, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ta unlimited fún yín, ìbéèrè tí ẹ máa bi í ni pé lẹ́yìn GB mélòó ló máa falẹ̀, Mbps mélòó ló sì máa falẹ̀ dé. Bó bá lè dáhùn, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. 1 Mbps ṣì gbé WhatsApp àti ìwé kíkà. 128 kbps, tó kéré sí i gan-an, ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fídíò kankan. Ẹ máa tẹ *323# láti mọ iye tó kù, orí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ohun tí wọ́n tà fún yín bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n polówó, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ tó pe NCC lórí 622. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹjọ́ yín ò ní lọ jìnnà.